Alága Kọ́ Ló Ni Ẹgbẹ́

Ìyá aláṣọ kan ní Ìgbọ̀nà, ní Òṣogbo, sọ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá pé, “Alága ní òun ò ní yá mi lówó lọ́tẹ̀ yìí. Owó ẹ̀ ṣáà ni, kí ni mo fẹ́ sọ?” Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Ọdún kẹfà rèé tí ìyá yìí ti ń dáwó sínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù náà. Ó yọ ìwé pélébé tó fi ń dáwó látinú àpò rẹ̀. Oṣooṣù ni wọ́n kọ iye owó sí i, tí akápò sì tọwọ́ bọ̀ ọ́. Owó ta wá ni alága ń pè ní tiẹ̀?

Àwọn tó gbà bíi ti ìyá yìí pé alága ló ni owó pọ̀ ní Òṣogbo. Mo rò pé ọ̀dọ̀ alájọ ni àṣìṣe náà ti wá. Alájọ tó ń kiri ọjà láàárọ̀, òun nìkan ló mọ ibi tó kó owó wa sí. A kàn fọkàn tán an ni. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ò rí bẹ́ẹ̀. Àtọdún 1935 ni òfin tirẹ̀ ti wà ní Nàìjíríà. Ẹgbẹ́ tó bá forúkọ sílẹ̀ ti dá dúró lójú òfin: ó lè ra ilẹ̀ lórúkọ ara rẹ̀, ó lè pèèyàn lẹ́jọ́. Bí alága bá kú, ẹgbẹ́ ò kú.

Ìpàdé gbogbogbò ọlọ́dọọdún ni ọ̀gá. Ẹni tó ní mílíọ̀nù kan náírà nínú ẹgbẹ́ àti ẹni tó ní 10,000, ìbò kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ní. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yan ìgbìmọ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti lè yọ wọ́n. Iṣẹ́ tí a gbé lé ìgbìmọ̀ lọ́wọ́ ni kí wọ́n máa bójú tó owó títí ìpàdé mìíràn yóò fi pé: kí wọ́n wo ẹni tó fẹ́ yáwó àti onídùúró rẹ̀, kí wọ́n rí i pé ìwé owó gún. Bí wọn ò bá yá ọmọ ẹgbẹ́ lówó, kí wọ́n tọ́ka sí ibi tí òfin ẹgbẹ́ ti sọ bẹ́ẹ̀. Ọ́díítọ̀ sì ń yẹ ìwé àwọn náà wò lọ́dọọdún, ìjọba ìpínlẹ̀ tó fún wọn níwèé ẹ̀rí sì lágbára láti ní kí wọ́n wá túwèé wò.

Ọjọ́ ìpàdé yẹn gan-an la fi ń ṣeré. Mo ti jókòó níbi tí ọ́díítọ̀ ti dìde láti ka ìròyìn, tí ìdajì èèyàn sì ti tò síbi tí wọ́n ti ń pín ìrẹsì àti bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ó ka iye gbèsè tí àwọn ìgbìmọ̀ fúnra wọn jẹ. Ẹnikẹ́ni ò bi í ní nǹkan kan.

Mo ní kí ìyá aláṣọ lọ gba ìwé òfin ẹgbẹ́ lọ́wọ́ akọ̀wé. Ó ní wọ́n ti fún òun lọ́jọ́ tí òun wọlé, ó wà nísàlẹ̀ àpótí aṣọ, òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́. A ti fi ọjọ́ Àìkú sí i. Màá kà á fún ìyá náà ní Yorùbá, láti ojú ewé àkọ́kọ́.