"Bàbá Ti Fún Mi Kí Wọ́n Tó Kú"

Kò sí ibi tí wọ́n ti pè mí láti wá bá wọn pín ogún Mùsùlùmí tí mi ò gbọ́ ọ: "Bàbá ti sọ wasíyà, wọ́n ní èmi ni mo ni ilé." Wasíyà ni àṣẹ tí ènìyàn fi sílẹ̀ lórí bí wọn yóò ṣe pín dúkìá rẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ẹni tó ń sọ pé bàbá sọ ọ́ kì í sábà purọ́. Bàbá sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Àwọn ìyá gbọ́, ayálégbé gbọ́, àáfà àdúgbò pàápàá ṣe àmín sí i. Àṣìṣe tó wà níbẹ̀ ni pé wọ́n gbà pé ohun tó bá ti ti ẹnu olóògbé jáde, òun ni òfin Ìsìláàmù yóò tẹ̀ lé. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọ̀rọ̀ náà ń dùn mí, torí mo ti rí ọmọ ìyá kan náà tí wọn ò kí ara wọn mọ́ nítorí rẹ̀.

Mi ò ní pẹ́ lórí wasíyà. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sọ pé Ọlọ́hun ti fún gbogbo ẹni tó ní ẹ̀tọ́ ní ẹ̀tọ́ rẹ̀, kò sí wasíyà fún ajogún. Ìpín ọmọ, bàbá, ìyá, ọkọ àti ìyàwó ti wà nínú Súrátù Nísáì, ẹsẹ̀ 11 àti 12. Ẹni tí kò sí nínú àwọn ajogún ni wasíyà wà fún, kò sì gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Nígbà tí Sa'd ọmọ Abi Waqqas, ọ̀kan lára àwọn ọmọlẹ́yìn Ànábì, dùbúlẹ̀ àìsàn, tó sọ pé ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni yóò jogún òun, ó fẹ́ fi ìdá méjì nínú mẹ́ta dúkìá rẹ̀ ṣe sàráà. Ànábì kọ̀. Ó ní ìdajì ńkọ́? Ànábì tún kọ̀. Ó ní ìdá kan nínú mẹ́ta ńkọ́? Ànábì ní kó ṣe ìdá kan nínú mẹ́ta, ìyẹn gan-an sì pọ̀.

Ìdá yìí ló yẹ kí bàbá fi rántí ọmọ-ọmọ tí bàbá rẹ̀ ti kú ṣáájú, tí wíwà àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò bàbá rẹ̀ lọ́kùnrin kò jẹ́ kó jogún. Òun ló yẹ kó fi rántí ọmọ tó gbà tọ́, àti ọmọ rẹ̀ tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, torí Kìrìsìtẹ́nì kì í jogún Mùsùlùmí nínú òfin yìí. Ilé Yorùbá mélòó ni kò ní irú wọn? Ṣùgbọ́n àkọ́bí tí ìpín rẹ̀ ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n máa ń fẹ́ gbé e fún.

Tí mo bá ti ṣàlàyé dé ibí yìí, ọ̀rọ̀ á yí padà. "Àáfà, kì í ṣe wasíyà mọ́. Ẹ̀bùn ni. Bàbá ti fún mi nígbà ayé wọn."

Ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn yìí ló ń dàrú mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú. Òótọ́ ni pé ẹni tí ara rẹ̀ dá, tí orí rẹ̀ sì pé, lè fi dúkìá rẹ̀ ta ènìyàn lọ́rẹ láì wo ti ìdá kan nínú mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ọ̀nà Imam Malik, ọ̀kan lára àwọn ọ̀nà òfin Ìsìláàmù, tí àwọn àáfà wa ní ilẹ̀ Yorùbá ń tẹ̀ lé láti ayébáyé, béèrè pé kí ẹni tí a fún ní nǹkan gbà á sọ́wọ́ kí ẹni tó fún un tó kú, àní kí àìsàn ikú tó dé sí i. Ẹ̀bùn tí wọ́n fi ẹnu fúnni, tí olówó rẹ̀ ṣì ń lò ó títí ó fi kú, ogún ni.

Imam Malik fúnra rẹ̀ gba ìtàn Abubakar, ẹni tó kọ́kọ́ ṣe olórí àwọn Mùsùlùmí lẹ́yìn Ànábì, àti ọmọ rẹ̀ Aisha wá. Abubakar ti fún Aisha ní 20 òṣùwọ̀n dàbínù, èyí tí wọ́n ń pè ní wasq, nínú oko rẹ̀. Nígbà tí ikú sún mọ́ ọn, ó pe ọmọ náà. Ó ní kò sí ẹni tí ọrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn òun wu òun tó tirẹ̀, kò sì sí ẹni tí òṣì rẹ̀ lè dun òun tó tirẹ̀. Ó ní ká ní Aisha ti ká dàbínù náà, tó ti gbà á sọ́wọ́ ni, tirẹ̀ ni ì bá jẹ́, ṣùgbọ́n lónìí, dúkìá àwọn ajogún ni. Ó ní arákùnrin rẹ̀ méjì àti arábìnrin rẹ̀ méjì wà níbẹ̀, kí wọ́n pín in bí Ìwé Ọlọ́hun ṣe wí. Aisha ní ó ti yé òun, ṣùgbọ́n Asma nìkan ni arábìnrin tí òun mọ̀, ta ni ìkejì? Abubakar ní èyí tó wà nínú oyún ìyàwó òun, ọmọ Kharija, òun rò pé obìnrin ni. Wọ́n sì bí i lóbìnrin.

Ẹ wo ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ẹ wo ẹni tí wọ́n ń sọ ọ́ fún. Olùfúnni ló ń fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́rìí pé òun fún un, ìyàwó Ànábì sì ni wọ́n fún. Síbẹ̀ dàbínù náà padà sínú ogún, nítorí pé kò tíì kúrò lọ́wọ́ bàbá. Èwo ni ti ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí bàbá ń gbé títí wọ́n fi wẹ̀ ẹ́ níbẹ̀?

Irú ilé bẹ́ẹ̀ kan ni wọ́n pè mí sí ní Ìbàdàn lẹ́yìn fídáù ọjọ́ kẹjọ. Ìyàwó méjì, ọmọkùnrin mẹ́ta, ọmọbìnrin kan. Àkọ́bí ní òun ni Bàbá fún nílé. Mo ní kí wọ́n gbé ìwé owó ilé wá. Inú ọ̀rá dúdú kan ni wọ́n ti tú u jáde, rìsíìtì ń jábọ́ lórí ẹní. Ọwọ́ Bàbá ló kọ gbogbo rẹ̀ títí dé oṣù tó ṣáájú ikú wọn. Orúkọ Bàbá ló wà lórí bíìlì iná. Yàrá iwájú lókè ni Bàbá ń sùn. Mo bi àkọ́bí pé, "Kí lẹ gbà lọ́wọ́ Bàbá?" Ó dákẹ́ pẹ́ títí, ó wá ní kọ́kọ́rọ́ yàrá òun.

Ká fi owó ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ohun tó ṣẹ́kù lẹ́yìn ìsìnkú àti gbèsè jẹ́ mílíọ̀nù 24 náírà, kí ilé jẹ́ mílíọ̀nù 14 nínú rẹ̀, kí òbí olóògbé sì ti ṣáájú rẹ̀ kú. Ìdá kan nínú mẹ́jọ ni ti àwọn ìyàwó, mílíọ̀nù 3, ìyẹn mílíọ̀nù kan ààbọ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọmọkùnrin kọ̀ọ̀kan gba mílíọ̀nù 6, ọmọbìnrin gba mílíọ̀nù 3. Tí àkọ́bí bá kọ́kọ́ mú ilé, tó tún bá wọn pín mílíọ̀nù 10 tó kù, ohun tó máa wà lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 16 àti ààbọ̀. Ti arábìnrin rẹ̀ á já sí 1,250,000, ti ìyàwó kọ̀ọ̀kan á já sí 625,000. Ẹ tún máa gbọ́ tí wọ́n á sọ pé Ìsìláàmù ló fi ìyà jẹ obìnrin.

Mi ò sọ pé gbogbo ẹ̀bùn bàbá ló bàjẹ́. Nínú ọ̀nà Malik, tí ẹni tí wọ́n fún bá ti ń sáré láti gbà á, tí ikú sì já lu ọ̀rọ̀ náà, ẹ̀bùn rẹ̀ lè dúró. Bàbá lè di ẹ̀bùn ọmọ kékeré mú fún un, bí ẹlẹ́rìí bá wà, ṣùgbọ́n ilé tí bàbá fúnra rẹ̀ ń gbé, ó gbọ́dọ̀ kó kúrò níbẹ̀. Ilé ẹjọ́ ìjọba náà sì ní ọ̀nà tirẹ̀. Ní 1971, nínú ẹjọ́ Adesubokan àti Yinusa, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Nàìjíríà gbà pé Mùsùlùmí tó kọ wíìlì lábẹ́ òfin Gẹ̀ẹ́sì ti 1837 lè pín dúkìá rẹ̀ bó ṣe wù ú. Nítorí náà, ẹni tó ní wíìlì lọ́wọ́ lè jàre ní kóòtù. Ohun tí mò ń sọ ni pé kó má pe ìyẹn ní ìpín Ọlọ́hun.

Ẹ̀yin bàbá, tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ fúnni lóòótọ́, ẹ ṣe é nígbà tí ara le. Ẹ kó kọ́kọ́rọ́ lélẹ̀, kí ayálégbé máa sanwó fún ọmọ náà, kí orúkọ rẹ̀ wà lórí rìsíìtì. Kí ẹ sì tó ṣe é, ẹ rántí Bashir, tó fẹ́ kí Ànábì jẹ́rìí sí ẹ̀bùn tó fún Nu'man ọmọ rẹ̀. Ànábì bi í bóyá ó fún àwọn ọmọ rẹ̀ yòókù ní irú rẹ̀. Ó ní rárá. Ànábì ní kó bẹ̀rù Ọlọ́hun, kó ṣe dọ́gba láàárín àwọn ọmọ rẹ̀, kò sì jẹ́rìí.

Ní ti ilé Ìbàdàn, àwọn ajogún tó ti dàgbà lè fi ìpín tiwọn sílẹ̀ fún àkọ́bí tó bá wù wọ́n. Ìyá rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ní àwọn á ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àbígbẹ̀yìn jẹ́ ọmọ ọdún 11. Kò sí ẹni tó lè bá a yọ̀ǹda tirẹ̀, ìyá rẹ̀ pàápàá kò lè ṣe é. A kọ ìpín rẹ̀ sórí ìwé lọ́tọ̀, gbogbo wọn fọwọ́ sí i, ó di ìgbà tó bá bàlágà, tó sì gbọ́n tó láti mójú tó o.