Ìmọ̀ràn òfin Agbẹjọ́rò Àgbà: iṣẹ́ tí William Wirt sọ di àkọsílẹ̀

Ìmọ̀ràn òfin Agbẹjọ́rò Àgbà ni èsì tí olórí agbẹjọ́rò ìjọba ń kọ nígbà tí Ààrẹ tàbí olórí iléeṣẹ́ ìjọba kan bá bi í léèrè ohun tí òfin wí lórí iṣẹ́ tó délẹ̀. Kì í ṣe ìdájọ́. Kò sí olùpẹjọ́ níbẹ̀, kò sí olùjẹ́jọ́. Síbẹ̀, òun ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba máa ń tẹ̀ lé títí ilé ẹjọ́ yóò fi sọ tirẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, abala 35 nínú òfin ilé ẹjọ́ ti ọdún 1789 ló dá ipò náà sílẹ̀. Iṣẹ́ méjì ló gbé lé e lọ́wọ́: kí ó máa rojọ́ fún ìjọba ní ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ, kí ó sì máa gba Ààrẹ àti àwọn olórí iléeṣẹ́ nímọ̀ràn bí wọ́n bá béèrè. Dọ́là 1,500 lọ́dún ni wọ́n ń san fún Edmund Randolph tó kọ́kọ́ wà nípò náà. Kò sí ọ́fíìsì, kò sí akọ̀wé. Ẹjọ́ àwọn oníbàárà ara wọn ni àwọn tó wà nípò náà fi ń gbọ́ bùkátà.

Ìlú Bladensburg ní Maryland ni wọ́n bí William Wirt sí ní 1772. Ọmọ kékeré ló wà tí bàbá àti ìyá rẹ̀ fi kú. Ó di lọ́yà ní Virginia ní 1792. Ẹjọ́ ọ̀tẹ̀ tí ìjọba pe Aaron Burr, igbákejì Ààrẹ tẹ́lẹ̀, ní Richmond ní 1807 ló sọ ọ́ di ìlú-mọ̀ọ́ká, torí ó wà lára àwọn tó rojọ́ fún ìjọba. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1817, Ààrẹ James Monroe fi í ṣe Agbẹjọ́rò Àgbà. Ó wà níbẹ̀ di 1829, kò sì sí ẹni tó tíì pẹ́ tó o nípò náà.

Nígbà tó wọlé, kò bá ìwé kankan nílẹ̀ nípa ìmọ̀ràn tí àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ti fún ìjọba. Ewu tó wà níbẹ̀ kò kéré. Bí iléeṣẹ́ kan bá béèrè ọ̀rọ̀ lónìí, tí òmíràn tún béèrè rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, èsì méjì tó takora lè jáde lórúkọ ìjọba kan náà, ẹnikẹ́ni ò sì ní mọ̀. Wirt ṣí ìwé kan, ó ń da gbogbo ìmọ̀ràn rẹ̀ kọ sínú rẹ̀. Ní 1818 Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì, ìyẹn ilé aṣòfin Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí dọ́là 1,000 fún akọ̀wé kan.

Ó tún fa ààlà. Òfin nìkan ni Agbẹjọ́rò Àgbà ń túmọ̀. Ẹni tó béèrè ni yóò ro bí ọ̀rọ̀ ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an. Bí àròyé náà bá ní àbùkù, ìmọ̀ràn náà yóò ní àbùkù. Ẹni tí òfin 1789 kò sì dárúkọ kò lè béèrè: ní 1818 kan náà ni Wirt kọ̀wé sí Hugh Nelson, alága ìgbìmọ̀ ètò ìdájọ́ nílé aṣòfin kékeré, pé òfin kò fún òun láṣẹ láti máa gba Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì nímọ̀ràn.

Agbára ìmọ̀ràn yìí ní òpin. Ní 1822, South Carolina ṣòfin pé kí wọ́n máa ti àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi mọ́lé títí ọkọ̀ wọn yóò fi ṣetán láti lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kì í ṣe ẹrú. Ọ̀gá ọkọ̀ ni yóò san owó àtìmọ́lé náà. Bí kò bá san án, wọ́n lè ta ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́rú. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ẹjọ́ sùn torí pé òfin náà kan àwọn atukọ̀ tiwọn, ìjọba Amẹ́ríkà sì bi Wirt léèrè. Ní 1824 ó kọ ọ́ pé òfin náà tako ìwé òfin orílẹ̀-èdè. South Carolina kò gbọ́.

Wirt yìí kan náà ló kọ èyí tó burú jù nínú ìwé rẹ̀. Ní 1821, ìbéèrè dé láti ibùdó àwọn aṣọ́bodè ní Norfolk, Virginia: ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà nìkan ni òfin gbà láyè láti jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀, ṣé aláwọ̀ dúdú tí kì í ṣe ẹrú wà lára wọn? Wirt ní rárá, torí pé Virginia kò fún wọn ní gbogbo ẹ̀tọ́ tí aláwọ̀ funfun ní. Òfin ìpínlẹ̀ kan ló fi wọn ẹ̀tọ́ tó jẹ́ ti gbogbo orílẹ̀-èdè, ibẹ̀ ni àṣìṣe náà wà. Nítorí pé ìmọ̀ràn náà wà lákọsílẹ̀, Adájọ́ Àgbà Roger Taney rí i tọ́ka sí ní 1857, nínú ẹjọ́ Dred Scott, ẹrú tó lọ sílé ẹjọ́ láti gba òmìnira rẹ̀, nígbà tó ń sọ pé aláwọ̀ dúdú kì í ṣe ọmọ orílẹ̀-èdè.

Ní 1862 wọ́n dá ọkọ̀ ojú omi kan dúró torí pé aláwọ̀ dúdú ni ọ̀gá rẹ̀. Ìbéèrè kan náà tún dé iwájú Agbẹjọ́rò Àgbà, Edward Bates ló wà níbẹ̀ nígbà yẹn. Ó kọ ọ́ pé ẹni tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà tí kì í ṣe ẹrú, ọmọ orílẹ̀-èdè ni, àwọ̀ yòówù kó ní, ó sì lè jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀.