Ipa èèpo mẹ́tàlì lórí yíyọ́ àti dídì èérún mẹ́tàlì

Èérún mẹ́tàlì tó kéré dé ìwọ̀n nànómítà (nànómítà 1,000,000 ló wà nínú mìlímítà 1) kì í yọ́ ní ìwọ̀n ooru kan náà pẹ̀lú odidi mẹ́tàlì. Bí a bá tún fi mẹ́tàlì mìíràn bò ó (ìbòrí yìí ni à ń pè ní èèpo), ìwọ̀n ooru tó fi ń yọ́ àti èyí tó fi ń dì lè yí padà.

Èérún tí kò ní èèpo

Átọ̀mù (èérún tíntìntín tí gbogbo nǹkan fi ṣe) tó wà ní ìta kò ní ẹlẹ́gbẹ́ tó dì í mú yíká, nítorí náà ó máa ń tètè tú. Bí èérún bá ṣe kéré tó ni ìpín irú átọ̀mù bẹ́ẹ̀ ṣe ń pọ̀ nínú rẹ̀ tó. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Pawlow ló ṣàlàyé èyí ní 1909. Takagi rí ẹ̀rí rẹ̀ ní 1954. Ní 1976, Buffat àti Borel wọ̀n ọ́n lára wúrà: odidi wúrà ń yọ́ ní 1,064°C, ṣùgbọ́n èérún tí kò ju nànómítà mélòó kan lọ ti ń yọ́ tipẹ́tipẹ́ kó tó débẹ̀.

Yíyọ́ lábẹ́ èèpo

Fàdákà ń yọ́ ní 962°C. Ní 1986, Daeges, Gleiter àti Perepezko fi wúrà bo kírísítálì fàdákà (ègé tí átọ̀mù rẹ̀ tò létòlétò), wọ́n sì mú un gbóná kọjá ìwọ̀n yìí pẹ̀lú nǹkan bí 25°C fún ìṣẹ́jú 1, síbẹ̀ kò yọ́. Òótọ́ ni pé kírísítálì wọn tóbi ju nànómítà lọ dáadáa, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò yìí ṣe pàtàkì gan-an. Láti ìta ni yíyọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, wúrà tí kò tíì yọ́ sì ti gba ìta náà. Yàtọ̀ sí èyí, bí átọ̀mù wúrà ṣe tò fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti fàdákà mu délẹ̀: ìwọ̀n ìtò tó ń tún ara rẹ̀ ṣe jẹ́ nànómítà 0.408 fún wúrà, 0.409 fún fàdákà.

Òjé tó wà nínú alumíníọ̀mù fi hàn pé èèpo nìkan kò tó. Níbi tí ìtò átọ̀mù méjèèjì bá ti ṣe déédéé, òjé lè kọjá 327°C, ìwọ̀n ooru tó fi ń yọ́, láìyọ́. Níbi tí wọ́n bá ti pàdé wúruwùru, bí irú èyí tí a fi ẹ̀rọ lọ̀ pọ̀, ó máa ń yọ́ ṣáájú. Ojú ìpàdé ni ó jọ pé ó ń pinnu ọ̀rọ̀ náà. Wúrà àti fàdákà sì ń wọnú ara wọn bí ooru bá pẹ́ lára wọn, ààlà wọn á wá di àdàlù.

Dídì

Mẹ́tàlì yíyọ́ nílò ibi tí kírísítálì àkọ́kọ́ yóò ti bẹ̀rẹ̀. Turnbull àti Cech fi hàn ní 1950 pé ìkán mẹ́tàlì kékeré lè tutù rékọjá ibi tó yẹ kó dì, kó má sì tíì dì. Èèpo líle tí ìtò rẹ̀ bá ti inú mu máa ń pèsè ibi ìbẹ̀rẹ̀ yẹn, dídì á sì tètè dé.

Ní Òṣogbo, àwọn tó ń fi ìda àti amọ̀ rọ idẹ máa ń fi amọ̀ bo ohun tí wọ́n fi ìda mọ, wọn á yọ́ ìda jáde, wọn á wá da idẹ gbígbóná sínú ihò tó kù. Ara amọ̀ ni idẹ ti ń kọ́kọ́ dì kó tó kan àárín, nítorí pé ibẹ̀ ni ooru ń gbà jáde. Nínú èérún nànómítà, ooru fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba káàkiri, nítorí náà ìtò átọ̀mù ní ojú ìpàdé ló ń ṣiṣẹ́ jù.

Ìlò

A ń fi fàdákà bo èérún bàbà fún lẹ́ẹ̀ tó ń gbé iná mànàmáná. Èérún tó ń yọ́ nínú èèpo tí kì í yọ́ tún lè tọ́jú ooru pamọ́ láìṣàn dànù.