Òórùn Burúkú Kọ́ ni Àmì pé Ajílẹ̀ Ń Jinná

Kíkó èèpo iṣu àti ewé sínú ike tí a dá ihò sí lára, láti fi ṣe ajílẹ̀ nínú kíláàsì, kò gba àlàyé púpọ̀. Ohun tó gba àlàyé ni ìgbàgbọ́ tó wọ́pọ̀ pé bí ajílẹ̀ inú kíláàsì bá ṣe ń rùn tó ni ó ṣe ń jẹrà dáadáa tó. Irọ́ ni. Àwọn kòkòrò tíntìntín tó ń sọ èèpo di ilẹ̀ dúdú nílò afẹ́fẹ́. Nígbà tí omi bá gba àyè afẹ́fẹ́ náà, irú mìíràn tí kò nílò afẹ́fẹ́ ni yóò gba iṣẹ́ ṣe, àwọn wọ̀nyí ló sì ń mú òórùn ẹyin tó dọ̀bu jáde. Dídé ike náà pinpin nítorí òórùn ló tún ń mú un burú sí i. Ewé gbígbẹ igi fúrúùtù, tó máa ń kún ọgbà ilé-ìwé ní Èkìtì lásìkò ọyẹ́, ni oògùn rẹ̀, bí ó bá pọ̀ ju èèpo lọ ní ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dùn ni ti ooru. Bí àwọn kòkòrò náà ṣe ń jẹun ni ara wọn ń mú ooru jáde. Nínú òkìtì tó ga tó mítà kan, tó sì fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ooru yìí lè kọjá 55°C, bó bá sì dúró bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ọ̀pọ̀ kòkòrò àrùn ni yóò kú. Ike kékeré kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Iyán tó ṣì wà nínú odó ńlá máa ń fi ooru pamọ́ sí àárín, ṣùgbọ́n òkèlè tí a bù sórí àwo á ti tutù kí ọbẹ̀ tó dé, nítorí pé gbogbo ara rẹ̀ ló kan afẹ́fẹ́. (Ẹni tó sọ pé iyán ogún ọdún ń jóni lọ́wọ́, ó dájú pé odó ńlá ló ní lọ́kàn.)

Nítorí náà, ohun tí a kò jẹ́ kó wọ inú ike ló ń dáàbò bo akẹ́kọ̀ọ́. Ìgbẹ́ adìẹ, ti ajá àti ti ológbò kò gbọdọ̀ débẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àgbẹ̀ tí òkìtì rẹ̀ ń gbóná dáadáa lè lo ti adìẹ. Ẹran, ẹja àti àṣẹ́kù ọbẹ̀ ń pe eku, eku ló sì ń gbé ibà Lassa kiri, èyí tó ń yọ ìpínlẹ̀ Òǹdó, aládùúgbò Èkìtì, lẹ́nu lọ́dọọdún.

Eruku ni ewu tí a kì í sábà fura sí. Ewé tó ti bu máa ń tú eruku tó lè dá ọmọ tó ní ikọ́ fée láàmú, nítorí náà ìta ni kí a ti máa yí ajílẹ̀, lẹ́yìn tí a bá ti wọ́n omi díẹ̀ sí i, kí ẹni tó ní ọgbẹ́ lọ́wọ́ wọ ìbọ̀wọ́, kí gbogbo wọn sì fi ọṣẹ fọwọ́. Bó bá jinná lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ìdí àgbàdo tàbí òdòdó ni ó yẹ ká kó o sí, kì í ṣe ìdí ewébẹ̀ tí àwọn ọmọ yóò já jẹ ní tútù.