Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rìn kó tó dé etí máníjà

Ní iléeṣẹ́ píọ̀ wọ́tà, ẹni tó dúró ti ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ ń mọ̀ pé irin tó ń lẹ ẹnu ọ̀rá pọ̀ kò gbóná tó mọ́. Ó ń rí i lójú ọ̀rá, ó sì ń fọwọ́ kàn án. Máníjà tó jókòó sí ọ́fíìsì kò lè rí i, àfi tí wọ́n bá sọ fún un. Ọ̀nà tó wà láàárín ọwọ́ òṣìṣẹ́ yẹn àti etí máníjà kò gùn, síbẹ̀ ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti ń bàjẹ́.

Ká ní iléeṣẹ́ náà wà ní Tanke, n'Ílọrin. Òṣìṣẹ́ sọ fún súpáfáísọ̀ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rọ yìí ò lẹ ọ̀rá dáadáa mọ́ o. Tá a bá ń bá a lọ báyìí, omi á máa jò." Súpáfáísọ̀ wọ ọ́fíìsì, ó bá máníjà nídìí ìṣirò owó, ó ní, "Alhaji, ẹ̀rọ kejì ń ṣe bákan díẹ̀, àmọ́ à ń mójú tó o." "À ń mójú tó o" ni Alhaji gbọ́, ló bá padà sídìí ìṣirò rẹ̀. Nígbà tí ẹni tó ni iléeṣẹ́ bá fi máa pè nírọ̀lẹ́, ohun tí yóò gbọ́ ni pé gbogbo nǹkan ń lọ bó ṣe yẹ. Kò sẹ́ni tó purọ́ nínú wọn. Olúkúlùkù kàn bu díẹ̀ kúrò nínú ìkorò ọ̀rọ̀ náà kó tó gbé e fún ẹni tó jù ú lọ. Lọ́jọ́ kejì, mọ́tò tó kó omi lọ sí Ajàṣẹ́-Ìpo débẹ̀ pẹ̀lú báàgì tó ti ń jò, oníbàárà sì kọ̀ ọ́.

Ẹ̀kọ́ ilé ló fa ìbùkúrò yẹn. Ọmọ tí wọ́n kọ́ n'Ílọrin kì í wo ojú àgbà kó ní "ohun tẹ́ ẹ sọ yẹn ò lè ṣeé ṣe." Á ní, "Kò burú, Alhaji." Á ní, "Ẹ jẹ́ ká máa wò ó." Á ní, "Bẹ́ ẹ bá ṣe wí náà ni." Ẹ̀kọ́ tó dáa ni, kò sì yẹ kí ọ̀gá kankan lé e kúrò níbi iṣẹ́. Àmọ́ máníjà tó bá gba gbogbo "kò burú" sí "mo fara mọ́ ọn" ti ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́. "Kò burú" tó yára jáde yàtọ̀ sí èyí tí ẹni tó ń sọ ọ́ kọ́kọ́ wolẹ̀ kó tó sọ ọ́. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú rẹ̀ á di odindi. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá mọ òwe yìí, wọ́n sì máa ń fi bá ọmọ iṣẹ́ wí. Wọ́n gbàgbé pé àwọn gan-an ni wọ́n ń sọ àbọ̀ ọ̀rọ̀ fún láràárọ̀.

Ọ̀rọ̀ èdè náà wà níbẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó wá láti Pàtégi lè jẹ́ Núpé, kí Yorùbá rẹ̀ má fi bẹ́ẹ̀ jinlẹ̀. Tó bá sọ gbólóhùn kan ṣoṣo tó sì dákẹ́, ó lè jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ṣì pọ̀ nínú rẹ̀.

Ní ti máníjà fúnra rẹ̀, etí kọ́ ló sábà máa ń jẹ́ ìṣòro. Ẹni tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì máa ń sọ nǹkan bí ọ̀rọ̀ 125 sí 150 ní ìṣẹ́jú kan, ọkàn olùgbọ́ sì lè tẹ̀ lé èyí tó yá jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Àyè tó ṣẹ́ kù yẹn ni ọkàn fi ń sá lọ: sídìí owó dísù, sídìí fóònù, tàbí sídìí èsì tó fẹ́ fún ẹni tí kò tíì sọ̀rọ̀ tán. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló burú jù, torí ẹni tó ń to èsì lọ́kàn á máa rò pé òun ń gbọ́ ni. Ralph Nichols, tó ṣèwádìí lórí ìfetísílẹ̀ ní Yunifásítì Minnesota l'Amẹ́ríkà, rí i pé kété tí èèyàn bá gbọ́ ọ̀rọ̀ tán, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ló ń rántí, bó ti wù kó rò pé òun fetí sílẹ̀ tó. Olùgbọ́ tó mọṣẹ́ máa ń fi àyè náà wo ẹni tó ń sọ̀rọ̀: kí ló ń fo dá, ibo lohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀? Ojú lọ̀rọ̀ wà, ẹni tó bá sì ń wo fóònù kò lè rí ojú.

Ìbéèrè ló ń dá ohun tí wọ́n bù kúrò padà. "Ṣé kò síṣòro?" kò wúlò, torí "Kò sí, sà" ni èsì rẹ̀ títí ayé. "Bákan báwo?" ló yẹ kí Alhaji bi súpáfáísọ̀, lẹ́yìn náà "Ta ló kọ́kọ́ rí i?", kó wá dákẹ́. Tí wọ́n bá dáhùn tán, kó tún un sọ: "Ohun tí mo gbọ́ ni pé irin ò gbóná tó láti àárọ̀, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?" Ọmọ iṣẹ́ tí kò lè já ọ̀gá rẹ̀ níyàn á lè sọ pé, "Rárá o, Alhaji, láti àná ni." Àtúnṣe kékeré yẹn ló ń gba báàgì là.

Iléeṣẹ́ Western Electric, tó ń ṣe ohun èlò tẹlifóònù ní Hawthorne, lẹ́bàá Chicago l'Amẹ́ríkà, fojú ara wọn rí agbára ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Láàárín ọdún 1928 sí 1930, wọ́n fọ̀rọ̀ wá òṣìṣẹ́ tó lé ní 20,000 lẹ́nu wò. Ìbéèrè tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, àmọ́ ńṣe làwọn òṣìṣẹ́ ń yà sí ohun tó ń dùn wọ́n. Wọ́n bá pa ìwé ìbéèrè tì, wọ́n jẹ́ kí kálukú sọ tẹnu rẹ̀. Ìjókòó tó ń gba nǹkan bí 30 ìṣẹ́jú tẹ́lẹ̀ wá di nǹkan bí wákàtí kan àtààbọ̀.

Ó tún yẹ kí máníjà máa dé ìdí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ṣùgbọ́n kí súpáfáísọ̀ bá a lọ, torí tó bá ń fo súpáfáísọ̀ lọ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ìyẹn ti di ìfisùn, ẹ̀sín á sì bá ẹni tó yẹ kó máa ràn án lọ́wọ́. Nínú ìpàdé, kí ẹni tó kéré jù kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kí ọ̀gá gbẹ̀yìn. Tí ọ̀gá bá ti sọ tirẹ̀, ìpàdé ti parí nìyẹn, bí wọ́n tiẹ̀ jókòó fún wákàtí kan sí i.

Ọ̀rọ̀ lè dé etí ní odindi kí wọ́n má sì gbà á. Lóru tó ṣáájú kí Challenger, ọkọ̀ tí Amẹ́ríkà fi ń gbé èèyàn lọ sí gbalasa òfuurufú, tó gbéra ní January 28, 1986, àwọn ẹnjiníà iléeṣẹ́ tó ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kìlọ̀ pé òtútù kò ní jẹ́ kí rọ́bà tó dí oríkèé rẹ̀ ṣiṣẹ́. Àwọn ọ̀gá wọn gbọ́, wọ́n tiẹ̀ kọ́kọ́ gbè wọ́n lẹ́yìn, kí wọ́n tó yí i padà. Ọkọ̀ náà fọ́ lófuurufú, èèyàn 7 tó wà nínú rẹ̀ sì kú.

Ìyẹn ò sọ pé gbogbo ohun tí òṣìṣẹ́ bá béèrè ni wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe. Ohun tí kò gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ ni kí ọ̀rọ̀ lọ láìní èsì, torí ẹni tó bá sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì tí kò gbọ́ nǹkan kan kò ní sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Tí àwọn òṣìṣẹ́ bá ní kí wọ́n pa gbogbo ẹ̀rọ lọ́sàn-án Jímọ̀, tí kò sì ṣeé ṣe, kí máníjà sọ ìdí rẹ̀ fún wọn lójúkojú, kó wá bi wọ́n pé àwọn mélòó ló lè dúró ti ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà láìpàdánù kírun, kí wọ́n jọ kọ orúkọ sílẹ̀ kó tó di Ọjọ́bọ̀.