Bí Aago Àwọn Switch Ṣe Ń Bára Mu

Nínú gbogbo èrò tó gbòde láàárín àwọn tó ń tọ́jú nẹ́tíwọ́ọ̀kì, èyí tó ń múni bínú jù ni pé server àkókò, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń sọ aago fún àwọn ẹ̀rọ yòókù, ló ń fi aago Nàìjíríà ránṣẹ́ sí switch, ẹ̀rọ tó ń so àwọn kọ̀ǹpútà pọ̀ mọ́ra wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀. NTP, ìlànà tí àwọn ẹ̀rọ fi ń béèrè àkókò lọ́wọ́ ara wọn, tí David Mills ti Yunifásítì Delaware ní Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀, tó sì ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti 1985, kò mọ Àkúrẹ́ yàtọ̀ sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù. UTC, àkókò àjùmọ̀lò gbogbo àgbáyé, nìkan ló ń gbé kiri. Wákàtí kan tí a fi ṣáájú UTC, inú switch kọ̀ọ̀kan ni a ti ń tò ó, kìkì ohun tí a ń rí lójú rẹ̀ ló sì ń yí padà. Nítorí náà, ẹni tó rí i pé switch tuntun fi wákàtí kan wà lẹ́yìn, tó wá fi ọwọ́ ti aago náà síwájú, aago tó tọ̀nà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bà jẹ́ yẹn.

Aago inú switch kò ṣeé gbára lé lóun nìkan. Bó bá fi ìdá 50 nínú mílíọ̀nù kan yà kúrò lọ́nà, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin ó lé díẹ̀ ni yóò fi ṣìnà lóòjọ́. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò sì ní bátìrì tí yóò máa mú aago lọ. Bí iná bá lọ ní Alágbàká ní Àkúrẹ́ tó sì padà dé, irú switch ilé-iṣẹ́ Cisco bẹ́ẹ̀ lè jí sí ọjọ́ kìíní oṣù kẹta 1993, kó sì máa fi àmì ìràwọ̀ kékeré kan síwájú àkókò nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé òun fúnra rẹ̀ kò fọwọ́ sọ̀yà lórí aago náà.

Bí switch ṣe ń rí àkókò tòótọ́ gbà ló dùn ún wò. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ìdáhùn ti ń gbó lójú ọ̀nà kó tó dé. Ká ní wọ́n rán ọmọ kan láti Ọjà Ọba lọ béèrè aago ní Alágbàká: aago ilé dúró fún ti switch, aago ọ̀hún dúró fún ti server. Aago ilé sọ 10:00 nígbà tó gbéra. Aago ọ̀hún sọ 10:12 nígbà tó débẹ̀, ó sọ 10:13 nígbà tó kúrò. Aago ilé sọ 10:15 nígbà tó wọlé. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló lò lójú aago ilé, ó fi ọ̀kan dúró lọ́hùn-ún, ìrìn rẹ̀ wá jẹ́ mẹ́rìnlá, a ó sì ka méje sí àlọ, méje sí àbọ̀. Nígbà náà, 10:07 ló yẹ kí aago ilé jẹ́ nígbà tí tọ̀hún jẹ́ 10:12. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni aago ilé fi wà lẹ́yìn. Àkókò mẹ́rin péré, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ bí ọ̀nà ṣe jìn tó tẹ́lẹ̀.

Àmọ́ méje-méje yẹn, àbá lásán ni. Bí ọmọ náà bá fi ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, tó wá dúró wo bọ́ọ̀lù lójú ọ̀nà tó fi lo mẹ́sàn-án bọ̀, ìṣẹ́jú méje ni aago ilé fi wà lẹ́yìn ní tòótọ́, ìṣirò yóò sì máa tẹnu mọ́ márùn-ún. Ọgbọ́n tí NTP dá sí i ni pé, nínú ìdáhùn mẹ́jọ tó gbẹ̀yìn, èyí tí ìrìn rẹ̀ kúrú jù lọ ló máa ń gbà gbọ́, torí pé ọmọ tó tètè dé kò ráyè yà síbì kankan. Ọgbọ́n yìí kò wúlò bí ọ̀nà àbọ̀ bá ń falẹ̀ ju ọ̀nà àlọ lọ nígbà gbogbo.

Ìdí nìyí tó fi sàn kí gbogbo switch inú ọ́fíìsì kan máa béèrè lọ́wọ́ server kan náà tó wà nínú ilé, kí server yẹn nìkan sì máa bá ti ìta sọ̀rọ̀. Bí ti ìta bá ṣì í lọ́nà, gbogbo wọn ni yóò jọ ṣìnà ní ìwọ̀n kan náà, a ó sì ṣì lè rí ẹ̀rọ tó kọ́kọ́ kú nínú àkọsílẹ̀ wọn.