Bí a ṣe ń mọ ẹsẹ tó ń sọ̀rọ̀ gbọnrangandan àti èyí tó ń pòwe

Nínú ọ̀pọ̀ agboolé ní Abẹ́òkúta, ẹ̀gbọ́n lè jẹ́ ọmọ ìjọ Pétérù Mímọ́ ní Àkẹ́, kí àbúrò máa kí Jímọ̀ ní Kóbìtì, kí bàbá àgbà sì ní ikin Ifá nínú yàrá. Bí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn bá délẹ̀, ìbéèrè kan kì í jìnnà: ṣé bí ìwé ṣe wí náà ló rí, àbí òwe ló ń pa? Àwọn tó mọ ìwé wọn dáadáa kì í dá a lóhùn fún odidi ìwé lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹsẹ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń yẹ̀ wò, ọ̀nà tí wọ́n sì ń gbà yẹ̀ ẹ́ wò ṣeé kọ́.

Irú ọ̀rọ̀ tí ẹsẹ jẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò: ṣé orin ni, ṣé òfin ni, ṣé ìtàn ni, ṣé ìran ni, ṣé lẹ́tà ni? Orin Dáfídì 18 pe Olúwa ní àpáta. Ẹ̀gbá mọ ohun tí sísá sábẹ́ àpáta jẹ́, nítorí Olúmọ ló dáàbò bò wọ́n nígbà tí wọ́n tẹ̀dó ní 1830, síbẹ̀ kò sí Kìrìsìtẹ́nì Ẹ̀gbá kan tó rò pé òkúta ni Ọlọ́run. Àìsáyà 55:12 ní igi igbó yóò pàtẹ́wọ́, kò sì sẹ́ni tó lọ wo ọwọ́ igi. Orin ni, etí sì mọ orin. Ẹ wá fi lẹ́tà kìn-ín-ní sí àwọn ará Kọ́ríńtì, orí 15, wé e. Pọ́ọ̀lù dárúkọ Kéfà, ó mẹ́nu ba àwọn méjìlá, ó ní àwọn ará tó lé ní 500 rí Jésù lẹ́yìn àjíǹde, àti pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì wà láàyè. Bí ẹlẹ́rìí ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́ lè sọ pé òun kò gbà á gbọ́. Ohun tí kò tọ́ ni kó sọ pé òwe ni Pọ́ọ̀lù ń pa.

Lẹ́yìn náà, wọ́n ń wò ó bóyá ìwé fúnra rẹ̀ ti túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà. Àkàwé afúnrúgbìn wà ní Mátíù 13, ìtumọ̀ rẹ̀ sì wà nínú orí kan náà láti ẹsẹ 18. Àwọn ibòmíràn wà tí olùgbọ́ ti gba ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, tí ìwé sì tún un ṣe. Jésù ní kí wọ́n wó tẹ́ńpìlì, òun yóò gbé e ró ní ọjọ́ mẹ́ta. Jòhánù 2:21 ní ara rẹ̀ ló ń wí. Jésù tún ní Lásárù sùn, àwọn ọmọ ẹ̀yìn rò pé oorun ni, títí ó fi là á mọ́lẹ̀ fún wọn pé Lásárù ti kú. Ó ní kí wọ́n ṣọ́ra fún ìwúkàrà àwọn Farisí, wọ́n rò pé búrẹ́dì tí wọn ò mú dání ló ń bá wí, ẹ̀kọ́ àwọn Farisí ló sì ń sọ.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ nígbà ayé Ànọ́bì Muhammad náà. Súrà (orí) kejì nínú Kùránì, àáyà (ẹsẹ) 187, ní kí aláàwẹ̀ máa jẹ kí ó máa mu títí okùn funfun yóò fi yàtọ̀ sí okùn dúdú. Adí ọmọ Hátímù kó okùn funfun àti dúdú sábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀, ó ń wò wọ́n lóru, kò rí ìyàtọ̀. Ànọ́bì ṣàlàyé fún un pé ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán àti òkùnkùn òru ni. Ní àáyà kan náà ni wọ́n ti dárúkọ àfẹ̀mọ́júmọ́. Àwẹ̀ gbígbà wà gbọnrangandan, àkókò rẹ̀ wà gbọnrangandan, okùn nìkan ni àfiwé.

Àwọn àlùfáà Mùsùlùmí ní òfin lórí èyí. Súrà kẹta, àáyà 7, pín àáyà sí méjì: muhkam, tí ìtumọ̀ rẹ̀ dúró ṣinṣin, tí ó sì jẹ́ ìyá ìwé, àti mutashābih, tí ìtumọ̀ rẹ̀ lè ju ẹyọ kan lọ. Muhkam ni wọ́n fi ń ka mutashābih, wọn kì í yí i padà. Àáyà yìí gan-an sì ní ibi tí èrò ti pín: bí ẹni tó ń kà á bá dánu dúró lẹ́yìn orúkọ Ọlọ́hun, ó túmọ̀ sí pé Ọlọ́hun nìkan ló mọ ìtumọ̀ àwọn kan, bí kò bá dúró, àwọn tó jinlẹ̀ nínú ìmọ̀ mọ̀ ọ́n pẹ̀lú. Nípa ọwọ́ Ọlọ́hun ní Súrà 48:10, àwọn onímọ̀ kan gbà á láì béèrè bó ṣe rí, àwọn mìíràn ní agbára ni. Kò sí ẹgbẹ́ tó fi í wé ọwọ́ ènìyàn nínú méjèèjì. Òfin tó sì so wọ́n pọ̀ ni pé ìtumọ̀ tó hàn sójú ni ọ̀rọ̀ ń dúró lé, àfi tí ẹ̀rí bá gbé e kúrò níbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ gbé e kúrò ló máa mú ẹ̀rí wá.

Ti Ifá ni ó fi ọgbọ́n hàn jù, nítorí méjèèjì ń gbé inú ẹsẹ kan. Ojú odù jẹ́ 16, àmúlù 240, àpapọ̀ 256, odù kọ̀ọ̀kan sì ní ẹsẹ púpọ̀. Ẹsẹ a máa dárúkọ àwọn awo àtijọ́, ẹni tí wọ́n dífá fún, ohun tó gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹbọ tí wọ́n ní kó rú, bóyá ó rú u, àti ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Nínú ẹsẹ, igi lè lọ sílé awo, ẹranko lè lọ. Ẹni tó wá ṣàyẹ̀wò kì í jiyàn pé ẹnu wo ni igi fi sọ̀rọ̀. Ibi tí ọ̀ràn igi bá tirẹ̀ mu ló ń wá. Ṣùgbọ́n bí ó bá kan ẹbọ, àfiwé tán. Bí Ifá bá ní ẹyẹlé méjì, ẹyẹlé méjì ni. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí ènìyàn gbọ́ pé ẹni àtijọ́ náà kú, kí ó sì gbà pé ikú ni Ifá dá fún òun. Ẹni àtijọ́ náà kò rúbọ. Ìyẹn ni ẹsẹ fẹ́ kó gbọ́.

Níbi tí ọ̀rọ̀ ti lè gba ẹ̀mí ni Máàkù 16:18, pé àwọn tó gbà gbọ́ yóò gbé ejò lọ́wọ́. Ní Amẹ́ríkà, oníwàásù kan, George Hensley, sọ ejò gbígbé di apá kan ìsìn. Ejò ló sì pa á ní 1955. Ẹni tó bá tẹ̀ lé ọ̀nà wa yìí á rí nǹkan mẹ́ta. Ìlérí ni ẹsẹ náà, kì í ṣe àṣẹ. Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 28, ṣíṣa igi ìdáná ni Pọ́ọ̀lù ń ṣe nígbà tí ejò so mọ́ ọn lọ́wọ́, kò wá a lọ. Mátíù 4:7 sì kọ̀ fún ènìyàn láti dán Olúwa wò. Yàtọ̀ sí èyí, ẹsẹ 9 sí 20 nínú Máàkù 16 kò sí nínú méjì lára àwọn ẹ̀dà Bíbélì àfọwọ́kọ tó pẹ́ jù lọ.

Sísọ ohun gbogbo di òwe náà léwu. Augustine, bíṣọ́ọ̀bù àtijọ́ kan, túmọ̀ àkàwé ará Samáríà rere báyìí: Ádámù ni ọkùnrin tí wọ́n lù, ìjọ ni ilé èrò, Pọ́ọ̀lù ni onílé èrò. Ó dùn létí, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí Jésù bi ní Lúùkù 10:36 ni ta ni aládùúgbò, àṣẹ tó sì fi parí rẹ̀ ni pé kí olùgbọ́ lọ ṣe bẹ́ẹ̀. Bí àfiwé bá ti gba àṣẹ lọ́wọ́ olùgbọ́, ó ti kọjá àyè rẹ̀. Ẹ wo bí Pọ́ọ̀lù ṣe lò ó ní Gálátíà 4: ó ní àpẹẹrẹ májẹ̀mú méjì ni Hágárì àti Sárà, kò sì sọ pé Hágárì kò bímọ.

Augustine kan náà ló fi òṣùwọ̀n tó dára sílẹ̀: ohun tí ìwé bá fi òwe sọ níbì kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí èyí tí kò sọ gbọnrangandan níbòmíràn. Nítorí náà, tí ẹ bá ti rí ìtumọ̀ kan nínú àfiwé, ẹ bọ́ àfiwé náà kúrò lára rẹ̀, kí ẹ sọ ọ́ ní gbólóhùn kan tó yéni, kí ẹ wá ẹsẹ mìíràn tó sọ ọ́ láìfi òwe pa mọ́. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ má tíì wàásù rẹ̀.